Ìdí Tí Òfin Fi Ń Fi Gbèdéke Sí Ẹjọ́ Ọ̀daràn

Ní Iléṣà, wọn ò tíì gbàgbé àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ tó ń tajà láwìn, tí í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Lóde òní, bí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ bá pé ọdún 6 tí ẹnikẹ́ni ò sì pẹjọ́, onígbèsè lè sọ fún kóòtù pé àsìkò ti kọjá, ẹjọ́ náà á sì forí ṣánpọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti olè àti apànìyàn. Rárá o. Ní Nàìjíríà, ọ̀ràn kì í sábà ní gbèdéke, ìyẹn iye àsìkò tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti pẹjọ́. Ẹni tó pààyàn ní 1990, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù lọ́la. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a; lórí ìpànìyàn, òfin gbà bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni gbèdéke wà fún? Ẹ̀rí ni. Ká ní wọ́n fẹ̀sùn kan ọkùnrin kan pé ó jí àpò kòkó kó nítòsí ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní 2004. Bí wọ́n bá mú un lóṣù náà, ó lè ní Ìbàdàn lòun wà, kó mú tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò jáde, kó pe ẹni tó gbà á lálejò. Lẹ́yìn ọdún 20, olùgbàlejò ti kú, tíkẹ́ẹ̀tì ti nù, ikán ti jẹ ìwé tí wọ́n ń kọ iye àpò kòkó sí. Wọ́n á bi ẹlẹ́rìí pé ìrọ̀lẹ́ ni àbí òru, aṣọ wo lolè wọ̀. Ó lè dáhùn láìṣiyèméjì, kó sì jẹ́ pé ohun tó ti ń gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò látọdún yìí wá ló ń sọ. Aláìṣẹ̀ lè tibẹ̀ wẹ̀wọ̀n, ọ̀daràn náà sì lè bọ́, torí ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tó dájú hàn.

Ìdí kejì kan agbára. Ẹ̀sùn tí kò ní gbèdéke, ìjọba lè fi pamọ́ kó máa fi halẹ̀ mọ́ alátakò. Ìyẹn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi ọdún 3 sí ẹjọ́ ìdìtẹ̀ ní 1695. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tiwa, ọdún 2 ni ti ìdìtẹ̀, oṣù 6 ni ti ọ̀rọ̀ tó ń dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀. Ó bójú mu.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 5 ni fún ọ̀pọ̀ ọ̀ràn tó kan ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ka ọjọ́ fún ẹni tó bá sá fún ìdájọ́. Jámánì fi ọdún 20 sí ìpànìyàn nígbà kan, títí wọ́n fi rí i pé àwọn apànìyàn ìjọba Hitler á tibẹ̀ bọ́. Ní 1969 wọ́n sọ ọ́ di 30, ní 1979 wọ́n fagi lé e pátápátá.

Èyí tó dunni jù wà nílé. Òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà kan náà ní bí ẹnìkan bá bá ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọdún 13 lò pọ̀, àárín oṣù 2 ni kí wọ́n ti pè é lẹ́jọ́. Oṣù 2! Ọmọ ọdún 9 tí bàbá onílé ti sọ fún pé òun á pa á bó bá lanu sọ̀rọ̀, ṣé oṣù 2 ló máa fi rójú sọ fún ìyá rẹ̀? Kí ìyá ṣàkíyèsí, kí ẹbí máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má tú àṣírí ilé, kí wọ́n tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, ọjọ́ ti lọ. Gbèdéke yẹ kó dáàbò bo ẹni tí ìdádúró ìjọba ń pa lára. Níbí, ẹni tó dẹ́rù ba ọmọ títí tí kò fi lè sọ̀rọ̀ ló ń jèrè rẹ̀.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti mú lò, yàtọ̀. Abala 31 ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, kò sì dárúkọ oṣù kankan. Nítorí náà, abala tí wọ́n bá kọ sórí ìwé ẹ̀sùn ṣe pàtàkì gan-an: ọ̀ràn kan náà lè kú lábẹ́ òfin àtijọ́, kó sì yè lábẹ́ tuntun. Abala wo ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ìbéèrè tí ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ bi ọlọ́pàá tàbí lọ́yà nìyẹn.