Wíńdò tó gba Keaton là: Ìdí tí ilé tó wó nínú fíìmù ọdún 1928 fi ń pa wá lẹ́rìn-ín títí dòní

Ọkùnrin kan dúró lójú títì, ó kẹ̀yìn sí ilé onígi kan. Ìjì ń jà, ojú ń ṣú u, ó ń fọwọ́ ra ọrùn. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo iwájú ilé náà já kúrò lára ilé lódindi, ó ń wó bọ̀ lé e lórí. Kò mọ̀. Gbìì! Eruku sọ. Nígbà tí ojú máa fi ríran, ọkùnrin yìí ṣì wà lóòró níbi tó wà, pákó ilé yí i ká nílẹ̀. Wíńdò òkè pátápátá, tó wà ní ṣíṣí, ló gbà á kọjá. Ó wò yíká, ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Buster Keaton, òṣèré aláwàdà ará Amẹ́ríkà, ni ọkùnrin náà. Steamboat Bill, Jr. ni wọ́n ń pe fíìmù náà, ó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1928, nígbà tí sinimá kò tíì máa sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹni tó ń wò ó lórí fóònù lónìí ṣì máa ń kọ́kọ́ ké “Yéè!” kó tó bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àwàdà tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá ti rẹ̀ wá, èyí kò rẹ̀ wá. Lójú tiwa tí a ń fi iṣẹ́ fíìmù jẹun, ìdí rẹ̀ kò ṣòro: káfíńtà ló dá ẹ̀rín yìí, kámẹ́rà kàn jẹ́rìí sí i ni.

Slapstick ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú àwàdà tí wọ́n ń fi ara ṣe yìí, ara pátákó sì ni orúkọ náà ti wá. Àwọn aláwàdà Ítálì láyé àtijọ́ máa ń so pátákó pẹlẹbẹ méjì pọ̀ nídìí. Tí wọ́n bá fi na ara wọn, pátákó méjèèjì á gbá ara wọn, pàá! Ariwo á pọ̀, ìrora ò ní tó nǹkan. Ohun tí gbogbo aláwàdà irú rẹ̀ ń wá nìyẹn: kí ojú òǹwòran rí ewu, kí ara òṣèré má rí i. Ti Keaton yìí ló yàtọ̀. Ewu tí ojú wa rí níbẹ̀, ara tirẹ̀ náà rí i.

Ẹ jẹ́ ká wá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri. Híńjì, irú èyí tí káfíńtà fi ń so ilẹ̀kùn mọ́ férémù, ni wọ́n fi de ìdí ògiri náà, kó má baà yọ̀ síwájú nígbà tó bá ń wó. Ògiri tí a bá fi híńjì dè, a lè mọ ibi tí gbogbo apá rẹ̀ máa balẹ̀ sí kó tó kúrò ní ìdúró. Ohun tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 18 sókè lára rẹ̀ yóò balẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 18 sí ìdí rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ìṣirò ti parí síbẹ̀: ká wọn gíga wíńdò, ká wọn ilẹ̀, kí òṣèré lọ dúró síbẹ̀.

Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ògiri á fọ́ ọ lórí. Èèyàn kì í ṣe àmì lórí ilẹ̀, ó ga. Kí wíńdò tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bá pàdé, tí a bá sì na okùn láti ìdí ògiri dé orí náà, ó gùn ju èyí tí a nà dé ẹsẹ̀ lọ. Keaton ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 5. Ká ní ẹsẹ̀ bàtà 6 péré ló wà sí ìdí ògiri, wíńdò náà gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí íńṣì 25 gùn ju ìnípọn ara rẹ̀ lọ kí orí tó lè kọjá. Tó bá sún sí ẹsẹ̀ bàtà 12, íńṣì 14 ti tó. Ní ẹsẹ̀ bàtà 18, kò ju nǹkan bí íńṣì 10 lọ. Bí wíńdò ṣe ń lọ sókè lára ògiri ni a ṣe lè mú kó kéré sí i. Ìyẹn ló sì dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí wíńdò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kò lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Keaton mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlàyé tó ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni pé wíńdò òkè ilé alájà kan kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 12 sí ilẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n kọ́ ilé tí òrùlé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lọ sókè, kí wọ́n lè rí wíńdò fi sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18. Wọ́n kan egungun ògiri náà, wọ́n dè é ní híńjì, wọ́n wá dá a dùbúlẹ̀ gbalaja. Inú rẹ̀ ni Keaton lọ dúró sí. Ara rẹ̀ ni wọ́n kan wíńdò mọ́ níbẹ̀, bí télọ̀ ṣe ń wọn aṣọ mọ́ oníbàárà lára: íńṣì 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká kọ̀ọ̀kan, íńṣì 2 sí orí, íńṣì 2 sí gìgísẹ̀. Wọ́n gbá ìṣó ńlá mọ́ ilẹ̀ níbi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì máa wà. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó gbé ògiri dìde, tí wọ́n kan pákó sí i, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n sì ṣe etí rẹ̀ wúruwùru kó lè jọ ohun tó já. Wọ́n tún ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́, pé tí iwájú bá ti lọ, kí a lè rí yàrá lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í kíyè sí èyí, àmọ́ òun ló mú kí ojú gbà pé ilé gidi ló wó.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ògiri náà wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 2. Àwọn kan rò pé ìgbéraga ni, pé pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ì bá ti ṣe é. Rárá o. Ohun tó fẹ́lẹ́ máa ń lọ́ nígbà tó bá ń wó, afẹ́fẹ́ á fẹ́ igun kan sókè, igun kejì á ṣáájú, wíńdò á wá fẹ̀gbẹ́ kan balẹ̀. Níbi tí íńṣì 2 péré ti jẹ́ ààyè, kí ògiri lọ́ díẹ̀ ti tó pa èèyàn. Ohun líle tó wúwo ló máa ń wó tààrà.

Atẹ́gùn gan-an wá di ìṣòro tirẹ̀. Ìjì ni ìtàn, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 6 tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú Liberty ṣe sì ni wọ́n gbé wá. Keaton ní agbára wọn tó láti gbé ọkọ̀ akẹ́rù kúrò lójú títì. Wọ́n ní láti darí wọn kí eruku àti pàǹtí máa fò níwájú òṣèré àti lẹ́yìn ilé, kí atẹ́gùn kankan má sì kan ojú ògiri nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n yà á. Keaton sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wá wo ibi tí kámẹ́rà wà. Ó jìnnà. Láti ilẹ̀ títí dé ṣóńṣó òrùlé ni a ń rí, àti ọkùnrin náà láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Wọn kò sì gé àwòrán náà láti ìgbà tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó títí eruku fi rọ̀. Ká ní wọ́n fi ògiri hàn wá lọ́tọ̀, kí wọ́n wá fi ojú Keaton hàn lọ́tọ̀, ọkàn wa á ti sọ pé ibì kan ni wọ́n ti ya èyí, ibòmíràn ni wọ́n ti ya ìyẹn. Ẹ̀rù á lọ, ẹ̀rín náà á tẹ̀ lé e. Gbogbo ìṣirò àwọn káfíńtà ì bá ti ṣòfò nítorí ẹni tó di àlùmọ́gàjí mú.

Nǹkan kan ló kù tí híńjì kò lè ṣe: òṣèré kò gbọ́dọ̀ mira. Tó bá fà sẹ́yìn, wíńdò kò ní bá a níbi tó yẹ. Tó bá tilẹ̀ ṣẹ́jú lọ́nà tó fi hàn pé ó ń retí nǹkan, àwàdà ti bàjẹ́, nítorí àìmọ̀ rẹ̀ ni a ń fi rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni Keaton ti mọ èyí. Orí ìtàgé ló dàgbà sí pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀, bàbá rẹ̀ á máa gbé e jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú òǹwòran. Ó kíyè sí i pé tí òun bá rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn kì í rẹ́rìn-ín. Tí òun bá le ojú koko, wọ́n á máa yí gbiri. Ojú líle yẹn ló gbé títí fi kú lọ́dún 1966.

Àwàdà wíńdò yìí kì í sì í ṣe ohun tó já lu ọpọlọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nínú Back Stage lọ́dún 1919, pátákó orí ìtàgé ló wó lu ọ̀rẹ́ rẹ̀ Roscoe Arbuckle, tí wíńdò rẹ̀ sì gbà á kọjá. Lọ́dún 1920, nínú One Week, Keaton fúnra rẹ̀ ló dúró, ògiri sì ti tóbi sí i. Ọdún 9 ló fi ń gbé ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo lọ sókè. Lónìí, ẹni tó bá rí ẹ̀fẹ̀ tó dùn, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ti pa á tì.

Fíìmù náà kò kàn jẹ́ ilé wíwó ṣá o. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló ti Boston wá bá bàbá rẹ̀ tó síngbọnlẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi gbẹ̀kúgbẹ̀kú kan. Olówó ìlú ti gbé ọkọ̀ tuntun dé láti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ọmọbìnrin olówó yìí ni ọmọ rẹ̀ sì ń fẹ́. Wọ́n ti bàbá mọ́lé. Ọmọ gbé búrẹ́dì ńlá kan wá sí àgọ́ ọlọ́pàá nínú òjò, bàbá ní òun ò jẹ. Ọmọ ò lè sọ̀rọ̀ nítorí ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ló bá ń fi ọwọ́ àti ìka júwe ayùn àti irin tó wà nínú búrẹ́dì. Kí ó tó yé bàbá, omi ti rin ìdí búrẹ́dì, irinṣẹ́ já sílẹ̀ gbàràgàdà. Ọmọ ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ń po ìyẹ̀fun ló já sínú àpótí irinṣẹ́. Ní tiwa, ibí yìí dára tó ibi tí ilé ti wó, kò sì ná wọn ju búrẹ́dì kan lọ.

Omíyalé ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi parí ìtàn náà. Àmọ́ odò Mississippi ti kún bo ìlú lọ́dún 1927, àwọn èèyàn ṣì ń sunkún òkú wọn, wọ́n bá yí i sí ìjì. Etí odò Sacramento ní California ni wọ́n kọ́ ìlú onígi náà sí. Owó tí wọ́n ná pọ̀, fíìmù náà kò sì pa tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó jáde. Ọdún 2016 ni Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn fíìmù tí ìjọba ń tọ́jú. Jackie Chan ti kí Keaton ṣáájú ìgbà náà: lọ́dún 1987, nínú Project A Part II, òun náà dúró kí ògiri wó lé òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe skit, ẹ má gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú bíríkì tàbí pákó gidi, ẹ jọ̀ọ́. Fóòmù tàbí páálí tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há lẹ́yìn kó má lọ́ ti tó. Ẹ jẹ́ kó wó nígbà 10 láìsí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fi ẹfun sàmì ibi tí wíńdò balẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí àmì náà bá ń rìn kiri, ìdí ògiri ló ń yọ̀, tàbí kó jẹ́ pé ògiri ń lọ́. Ẹ tún un ṣe kí èèyàn tó wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kámẹ́rà jìnnà. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ skit jẹ́ ni pé kámẹ́rà súnmọ́ jù, wọ́n gé àwòrán nígbà tí nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fi ohùn “tùúù” kékeré yẹn sí i kí ẹni tó máa ṣubú tó ṣubú, wọ́n sì tún dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta kó lè yé wa. Ó ti yé wa tipẹ́.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ wò ó, kò gùn ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 70 lọ, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kò sì dè é mọ́ ní Amẹ́ríkà, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yan ẹ̀dà tó ní dúdú lápá ọ̀tún àti òsì. Àwọn kan ti gé àwòrán náà kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí, ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀ ló sì bá a lọ, bẹ́ẹ̀ òkè yẹn gan-an ni wíńdò wà. Tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ bá ń sáré kùkùkù bí èèrà, ẹ̀dà náà ń yára jù, ẹ wá òmíràn. Tí ìjì bá ti bẹ̀rẹ̀ nítòsí òpin, ẹ pa ohùn rẹ̀, nítorí orin tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà, àwọn mìíràn sì máa ń lu ìlù kí ògiri tó wó. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan fún ẹ̀rín. Ẹ wá dá a padà, kí ẹ fi ògiri sílẹ̀, kí ẹ máa wo gìgísẹ̀ rẹ̀.