Alexandre Dumas

Alexandre Dumas (24 Oṣù Keje 1802 – 5 Oṣù Kejìlá 1870) jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ àti eré orí ìtàgé, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Òun ló kọ Les Trois Mousquetaires, ìtàn àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba tó mọ idà á lò, àti Le Comte de Monte-Cristo, ìtàn ọkùnrin tí wọ́n sọ sẹ́wọ̀n láìṣẹ̀ tó sì padà wá gbẹ̀san. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ló máa ń mú, pàápàá nípa àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Faransé láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún wá, á sì fi ọ̀tẹ̀, ìfẹ́, ìrìn àjò àti ìjà kún un. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí lọ́dún 1824 náà ń jẹ́ Alexandre Dumas, òǹkọ̀wé lòun pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi père, ìyẹn "bàbá", kún orúkọ ti àgbà.

Bàbá rẹ̀

Ẹni tí kò bá mọ bàbá Dumas kò tíì mọ ibi tí ìwé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1762 ni wọ́n bí Thomas-Alexandre ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tó di Háítì lónìí. Davy de la Pailleterie, ìjòyè Faransé kan, ló bí i. Ìyá rẹ̀, Marie-Cessette Dumas, jẹ́ ẹrú, aláwọ̀ dúdú tí ìran rẹ̀ wá láti Áfíríkà. Bàbá mú ọmọ náà wá sí Faransé. Àmọ́ nígbà tí ọmọ fẹ́ wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1786 láti ìsàlẹ̀ pátápátá, bàbá kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fi orúkọ ìdílé àwọn wọ irú ipò bẹ́ẹ̀. Ọmọ bá fi orúkọ ìyá rẹ̀ wọlé. Bí orúkọ ẹrúbìnrin kan ṣe di orúkọ tí ayé mọ̀ nìyẹn.

Kó tó pé ọdún mẹ́jọ tó wọṣẹ́ ológun, ó ti di ọ̀gágun. Ó bá Napoleon lọ sí Íjíbítì lọ́dún 1798, ṣùgbọ́n àárín wọn kò gún. Bó ṣe ń padà bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ rẹ̀ ń jo, wọ́n sì fipá gúnlẹ̀ sí Taranto ní gúúsù Ítálì. Ibẹ̀ ni wọ́n tì í mọ́ fún nǹkan bí ọdún méjì. Tàìsàn-tàìsàn ló fi jáde, ó sì kú lọ́dún 1806. Opó rẹ̀, Marie-Louise Labouret, kò rí owó ìfẹ̀yìntì kankan gbà lọ́wọ́ ìjọba.

Alexandre kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Nínú ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀, ó ní nígbà tí òun gbọ́ pé bàbá òun ti lọ, òun gbé ìbọn, òun ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Ìyá rẹ̀ bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ó ní ọ̀run ni, òun fẹ́ lọ pa Ọlọ́run tó pa bàbá òun.

Iṣẹ́ rẹ̀

Villers-Cotterêts, ìlú kékeré kan ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Páríìsì, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Kò rówó kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ dára, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ríṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì Dúúkù Orléans ní Páríìsì. Lọ́dún 1829, wọ́n ṣe eré rẹ̀, Henri III et sa cour, ní Comédie-Française, ilé eré ńlá kan ní Páríìsì. Àtìgbà náà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn.

Láti ọdún 1836 ni àwọn ìwé ìròyìn Páríìsì ti ń tẹ ìtàn àròsọ jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí òǹkàwé lè tún ra ti ọ̀la. Ọgbọ́n orí ìtàgé wúlò fún Dumas níbí: ó mọ ibi tó yẹ kí aṣọ ìkélé orí ìtàgé ti wálẹ̀ kí ara òǹwòran má balẹ̀. Les Trois Mousquetaires jáde nínú ìwé ìròyìn Le Siècle lọ́dún 1844. D'Artagnan, akọni inú rẹ̀, gbé ayé rí lóòótọ́. Ojú ogun ní Maastricht ló kú sí lọ́dún 1673. Dumas rí i nínú ìwé kan tí Courtilz de Sandras tẹ̀ jáde lọ́dún 1700.

Ọdún yẹn kan náà ni Le Comte de Monte-Cristo bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Journal des débats. Níbi àsè ìgbéyàwó ni wọ́n ti mú Edmond Dantès, ọ̀dọ́ atukọ̀ Marseille, wọ́n sì jù ú sí Château d'If, ẹ̀wọ̀n inú òkun, fún ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí àgbàlagbà ẹlẹ́wọ̀n tó ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ kú, Dantès gbé òkú náà pa mọ́, ó wọ inú àpò òkú, ó sì fi abẹ́rẹ́ rán an láti inú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ so irin wíwúwo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sókun. Ọ̀bẹ tó mú dání ló fi ya àpò náà. Àkọsílẹ̀ Jacques Peuchet, ẹni tó tọ́jú ìwé àwọn ọlọ́pàá, ni Dumas ti rí ìpìlẹ̀ ìtàn yìí, síbẹ̀ ó ṣòro kí èèyàn kà á kó má rántí ọ̀gágun tó wà ní àhámọ́ ní Taranto.

Dumas kò dá a ṣe. Auguste Maquet, olùkọ́ ìtàn, máa ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ jáde, á to ìtàn náà, Dumas á sì tún un kọ títí yóò fi ní ẹ̀mí. Orúkọ Maquet kò sí lẹ́yìn ìwé. Ó pe Dumas lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n sanwó fún un, àmọ́ kò fún un ní orúkọ rẹ̀ lórí ìwé. Ìyà ńlá nìyẹn fún ẹni tó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bú Dumas náà nítorí àwọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1845, Eugène de Mirecourt kọ ìwé pélébé kan tó fi ìran rẹ̀ ṣẹ̀sín. Dumas pè é lẹ́jọ́, ó sì jàre. Ọdún méjì ṣáájú ló ti kọ Georges, ìtàn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti funfun tó dìde sí àwọn amúnisìn ní erékùṣù Mauritius.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Bí owó ṣe ń wọlé ló ń jáde. Ó kọ́ ilé ńlá kan sí Le Port-Marly, ó pè é ní Monte-Cristo. Ó dá ilé eré tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1847. Gbèsè gba méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sá lọ sí Brussels lọ́dún 1851. Ó rin ìrìn àjò lọ sí Rọ́ṣíà, ó sì ran Garibaldi, ọ̀gágun tó ń jà kí Ítálì lè di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, lọ́wọ́ lọ́dún 1860. Ilé ọmọ rẹ̀ ní Puys, nítòsí Dieppe, ló kú sí.

Ní 30 Oṣù Kọkànlá 2002, wọ́n gbé òkú rẹ̀ láti Villers-Cotterêts wá sí Panthéon ní Páríìsì, níbi tí ilẹ̀ Faransé ń sin àwọn ẹni ńlá rẹ̀ sí. Aṣọ àrán aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi bo pósí, àwọn tó wọṣọ bí ẹ̀ṣọ́ ọba ló sì tẹ̀ lé e.