Ohun tí ooru àti òtútù ń ṣe fún bakitéríà inú ìkòkò

Ọbẹ̀ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí wọ́n dé ọmọrí lé, tó sì sùn mọ́jú nínú yàrá ìdáná, ó lè má yí àwọ̀ padà rárá. Ó ṣì lè máa ta sánsán. Síbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ti lè wáyé nínú rẹ̀ lóru, ooru ló sì ń darí iṣẹ́ náà.

Bakitéríà, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, ló ń ṣe é. Wọn kì í lóyún, wọn kì í yé ẹyin. Ọ̀kan á kàn pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin. E. coli tó ń gbé inú ìfun wa fẹ́ràn 37°C, tí í ṣe ìwọ̀n ooru ara ènìyàn. Bí oúnjẹ bá wà fún un, tí ooru sì ṣe rẹ́gí, ìṣẹ́jú 20 ti tó kó fi pín. Ẹ bá a ṣírò: ẹyọ kan ṣoṣo ní aago mẹ́wàá alẹ́ lè ti lé ní mílíọ̀nù méjì nígbà tí aago márùn-ún ìdájí bá fi máa lù.

Àwọn purotéènì tíńtìntín ni òṣìṣẹ́ inú ara bakitéríà. Àwọn ló ń gé oúnjẹ wẹ́wẹ́, àwọn náà ló ń kọ́ ara tuntun. Bí ooru bá ṣe ń lọ sókè ni ọwọ́ wọn ń yá sí i. Ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Bí ooru bá ti kọjá ibẹ̀, wọ́n á dì bí funfun ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná, ẹyin tó bá sì ti jinná kò lè di omi mọ́. Ìdí nìyẹn tí 63°C fún ìṣẹ́jú 30, tàbí 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15, fi ń pa àwọn bakitéríà tó ń fa àrùn nínú wàrà. Orúkọ Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà yẹn.

Òtútù ní tirẹ̀ kì í sábà pa wọ́n. Ẹ wo epo pupa nígbà ọyẹ́: ó dì sínú ìgò, kò ṣeé dà. Ọ̀rá wà nínú awọ tó bo bakitéríà, bí òtútù ṣe ń ṣe epo yẹn ló ń ṣe òun náà. Awọ á le, oúnjẹ kò ní rọ́nà wọlé dáadáa, iṣẹ́ á falẹ̀. Àwọn kan wà tó mọ ọgbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ irú ọ̀rá inú awọ wọn kó má bàa le. Listeria wà lára wọn, ìyẹn ló fi ń dàgbà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú fíríìjì tó wà ní 4°C.

Láàárín 5°C sí 60°C ni ewu wà jù, àárín gbùngbùn rẹ̀ gan-an sì ni yàrá ìdáná wa bọ́ sí. Kúlà ìrẹsì níbi ayẹyẹ yẹ ní ṣíṣọ́. Bí ìrẹsì bá wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ooru, tí wọn kò sì máa ṣí i ṣáá, ó lè wà lókè 60°C fún wákàtí mélòó kan. Èyí tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń dé láti òwúrọ̀ ni ìṣòro, nítorí kúlà kan náà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè tutù ni yóò dì í mú síbi lílọ́wọ́ọ́rọ́.

Ìrẹsì sì ní àlejò tirẹ̀, Bacillus cereus. Bí ayé bá le fún un, á ká ara rẹ̀ kò sínú èèpo líle bíi hóró irúgbìn. Spore ni wọ́n ń pe hóró yìí. Omi híhó, tí kò lè ju 100°C lọ nínú ìkòkò lásán, kò tó láti pa gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn fi ń se irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ ń há oru omi mọ́nú kí ooru tó lè dé 121°C, nítorí irú wọn. Nígbà tí ìrẹsì bá wá ń tutù, spore á jí, á di bakitéríà, á máa pín, á sì máa da májèlé sínú oúnjẹ. Bí wọ́n bá tún gbé e kaná, bakitéríà á kú, ṣùgbọ́n májèlé tó ń fa èébì yẹn kò ní bá a lọ. Ooru ìkòkò kò ràn án. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, torí wọ́n gbà pé gbígbóná ti tún oúnjẹ ṣe.

Ìkòkò ńlá ló ń fún spore láyè láti jí jù. Etí rẹ̀ lè ti tutù kí àárín ṣì máa móoru fún wákàtí púpọ̀. Bí wọ́n bá bù ú sínú àwọn abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀ tí kò jìn, ooru á tètè jáde, a ó sì lè gbé e sí fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé.

Ti ẹran inú fìríìsà kò yàtọ̀. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ kan, yìnyín á yọ́, omi pupa inú ẹran á máa kán sí ìsàlẹ̀, bakitéríà tó ti ń sùn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Nígbà tí iná bá dé, ẹran á le gbagidi bí òkúta, ojú kò sì ní lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò yọ́ rí. Òtútù lè pa díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ á wà níbẹ̀ láàyè, wọ́n á sì jí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹran náà jáde láti sè é.