Ibi Tí Ohùn Èkó-Ẹ̀pẹ́ Ti Ṣẹ̀ Wá

Ìhà méjì ni Ẹ̀pẹ́, ìlú etí ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní: Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, ti àwọn Ìjẹ̀bú tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti Èkó-Ẹ̀pẹ́, ti àwọn tí ó bá Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé, wá láti Èkó. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ láti mọ ìhà tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan ti wá ni pé kí a jẹ́ kí ó dárúkọ ibi tí ó ń sùn. Ẹni tí ó bá pè é ní "ulé", ọmọ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni. Ẹni tí ó bá pè é ní "ilé", ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni, àfi bí ó bá jẹ́ àlejò tí ó kọ́ Yorùbá rẹ̀ nínú ìwé. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi, Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, nítorí náà láti kékeré ni a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń fi sílẹ̀ ní agboolé kan kí a tó wọ èkejì. Ní ọjọ́ tí mo gbàgbé tí "ulé" bọ́ lẹ́nu mi níwájú bàbá bàbá mi, kò bínú, kò sì nà mí. Ó kàn bi mí léèrè bóyá àwọn ará ilé ìyá mi ti wá gba ọmọ wọn padà ni.

Bí Ẹ̀pẹ́ ṣe di ẹlẹ́nu méjì láì jẹ́ òpùrọ́ ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní fi pa mọ́ pé mo ní ìhà tí mo wà. Bí àwọn ará Èkó kan bá gbọ́ ohùn wa, wọn a ní Ìjẹ̀bú ti ba èdè wa jẹ́; àwọn ìbátan ìyá mi ní tiwọn a ní ohùn àyálò ni a ń fọ̀, pé kí a dá a padà fún olówó rẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ohùn Èkó-Ẹ̀pẹ́ sún mọ́ èyí tí wọ́n ń fọ̀ ní Èkó kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó yin àgbá lu ìlú náà ní ọdún 1851, ju bí ohùn Èkó òde òní ti sún mọ́ ọn lọ. Àwa ni a gbé ògbólógbòó rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tí ó kù sílé ni wọ́n pààrọ̀ tiwọn.

Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ fọhùn ní etí ọ̀sà yìí? Ìtàn tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà ni pé ọdẹ kan tí ó ń jẹ́ Huraka ni ó kọ́kọ́ dé sàkáání náà, pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti wá, àti pé Pókà ni ó tẹ̀dó sí kí àwọn mìíràn tó dé bá a. Nípa orúkọ ìlú, àwọn kan a máa sọ pé èèrà dúdú tí ó pọ̀ nínú igbó náà ni a fi sọ ọ́. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gba ti èèrà yìí gbọ́, nítorí kò sí igbó etí omi kan tí èèrà kò pọ̀ sí, bí ó bá sì jẹ́ èèrà ni a fi ń sọ ìlú lórúkọ, gbogbo ìlú láti Ìkòròdú dé Lẹ́kì ni ìbá máa jẹ́ Ẹ̀pẹ́. Èyí tí ó ṣe pàtàkì ni pé ọdẹ ni ìtàn sọ, kò sọ apẹja. Ọdẹ a máa rìn ní òun nìkan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ẹni tí ó ń pẹja kò lè ṣe é láì sí ẹlòmíràn lórí omi, ó gbọ́dọ̀ kígbe, ó gbọ́dọ̀ dáhùn, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ kan náà fún ìgbì, fún àwọ̀n àti fún ẹja. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé, èdè yòówù kí Huraka gbé wá láti Ifẹ̀, àwọn tí wọ́n wà lórí omi ni wọ́n tún un ṣe fún un kí ọmọ rẹ̀ tó dàgbà, nítorí lọ́dọ̀ wọn ni ẹja wà, ẹni tí ebi bá sì ń pa kì í pẹ́ kọ́ èdè ẹni tí ó ní oúnjẹ.

Ohun tí a rí kà nípa ìgbà àtijọ́ yẹn kò pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, atukọ̀ Pọtogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tí ó pè ní "Geebuu", tí yàrà ńlá yí ká. Ìjẹ̀bú ni ó ń sọ, ọ̀pọ̀ sì gbà pé yàrà náà ni Erédò Súngbọ́, èyí tí ó gùn ju kìlómítà 160 lọ tí ó sì gba ìtòsí Ẹ̀pẹ́ kọjá. Ó dùn mí pé ọkùnrin náà kò kọ fáwẹ́ẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà sílẹ̀. Ìjẹ̀bú ni àwa ń pè é, Ùjẹ̀bú ni àwọn onílé ń pe ara wọn títí di òní; bí ó bá kọ ọ̀kan nínú méjèèjì sílẹ̀ ni, àríyànjiyàn agboolé wa ìbá ti parí láti nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Bí ó ti wù kí ó rí, "ú" ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ ti Ìjẹ̀bú nìkan, Oǹdó àti Èkìtì náà ń lò ó, ìyẹn sì fi hàn pé ohun àtijọ́ ni. Ẹni tí ó bá ń fi Ìjẹ̀bú ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, ohun tí ó ju àpapọ̀ ọdún bàbá àti bàbá ńlá rẹ̀ lọ ni ó ń fi ṣeré.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Abíọ́dún Adétùgbọ́, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní ọdún 1967, fi Ìjẹ̀bú sí ìsọ̀rí gúúsù-ìlà-oòrùn. Ìwà kan tí àwọn onímọ̀ mọ̀ mọ́ ìsọ̀rí náà ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún "ẹ" àti "wọ́n", tí "àn án wá" fi lè jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ wá tàbí àwọn ni wọ́n wá. Wọ́n tún rò pé lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ àti àwọn tí ó sún mọ́ wọn, lílò tí wọ́n ń lo "ẹ" fún àgbà láti bu ọlá fún un ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì di ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́, ìran bàbá mi, máa ń fẹ̀sùn kan Ìjẹ̀bú pé wọn kò mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bí ohun tí àwọn onímọ̀ wí bá rí bẹ́ẹ̀, àṣà ibì kan ni fífi "ẹ" bọ̀wọ̀, kì í ṣe òfin tí a gbé sọ̀kalẹ̀ láti Ifẹ̀; ìlú mìíràn a máa fi ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ san gbèsè tí àwa fi ẹnu san. Mo gbà fún ìran ìyá mi lórí èyí, mi ò sì ní gbà fún wọn lórí òmíràn.

Ohùn Èkó tí ó wá bá àwọn Ìjẹ̀bú ní Ẹ̀pẹ́ náà kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo. Àwórì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, Ẹdó sì fọwọ́ bà á débi tí kò fi ṣe é yọ mọ́: Ìdúmọ̀tà àti Ìdúmàgbò ṣì gbé "idumwun" àwọn Ẹdó, tí ó túmọ̀ sí àdúgbò, sórí, láti Bìní sì ni orúkọ oyè Òṣòdì ti wá. Ní ti orúkọ Èkó fúnra rẹ̀, bóyá "oko" àwọn Àwórì ni o tàbí ibùdó ogun àwọn Ẹdó ni, àríyànjiyàn yẹn ti gba àkókò lọ́wọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n tó, mi ò ní fi tèmi kún un.

Ní ọdún 1845 ni Kòsọ́kọ́ fi ogun Olómirọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí ìtẹ́ Èkó. Orúkọ àbíkú ni Kòsọ́kọ́, Kò-sí-ọkọ́, pé ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ín kò sí mọ́, kí ó yáa dúró. Ó sì dúró lóòótọ́, nítorí ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọ́ Èkó kí wọ́n lè dá Akíntóyè padà, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó gba ojú ọ̀sà lọ. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ni ó gbà á láàyè láti jókòó sí Ẹ̀pẹ́. Òun nìkan kọ́ ni ó wá o. Àwọn ìjòyè rẹ̀, àwọn ọmọ ogun, àwọn aya, àwọn ọmọ, àwọn ẹrú àti àwọn ìwọ̀fà, odidi ìlú ni ó kó sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, òun àti kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pé kò ní bá Èkó jà mọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwùjọ ṣe ń dá ohùn sílẹ̀, kí ó wo àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn dáadáa. Olórí ogun wọn, Òṣòdì Tápà, ọmọ Núpé ni. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un wá sí Èkó, ààfin ni ó sì dàgbà sí. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó lè tọ́ka sí Àwórì tàbí Bìní gẹ́gẹ́ bí orírun. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni ọ̀gá kan náà, ìjà kan náà àti ilé kan náà tí wọ́n pàdánù, nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ní Ẹ̀pẹ́ ni fífọ Èkó ti kúrò ní ọ̀ràn ibi tí a bí ènìyàn sí, tí ó di ọ̀ràn ẹni tí ènìyàn ń tẹ̀ lé. Ọmọ Núpé tí ó ń fọ Èkó ní Ẹ̀pẹ́ ń sọ pé ti Kòsọ́kọ́ ni òun. Àwọn ọmọ tí a bí láàárín ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò rí Èkó rí. Ẹnu àwọn òbí wọn nìkan ni wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n sì dì í mú bí ẹni di ìwé ilẹ̀ mú. Àdúgbò wọn dá wà, ilé kéwú wọn dá wà, ara wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fẹ́. Kódà àwọn ọmọdé ilé kéwú tí ń fi ẹnà bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí olùkọ́ má bàa gbọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe ní kékeré: ẹni tí kò gbọ́ kò sí lára wa.

Ní ọdún 1862 ni wọ́n gbà kí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó. Òṣòdì Tápà bá a lọ, ibi tí wọ́n fún un àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, agboolé 21, ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ibi tí ará Ẹ̀pẹ́ tẹ̀dó sí. Wọ́n kúrò ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ará Èkó, wọ́n padà gẹ́gẹ́ bí ará Ẹ̀pẹ́. Àwọn tí kò sì padà ń jẹ́ Èkó ní Ẹ̀pẹ́ títí di òní.

Èkó tí wọ́n padà bá ti ń yípadà. Ìjọ CMS, ìjọ míṣọ́nnárì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti kó wá láti Àgbádárìgì ní 1852, àwọn Sàró tí ó padà láti Sierra Leone àti àwọn Àgùdà tí ó padà láti Brazil ń ya wọlé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìlú náà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni ó ṣáájú nínú kíkọ èdè náà sílẹ̀. Ní Èkó ni wọ́n ti ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní 1875, odidi Bíbélì sì jáde ní 1884. Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì kó gbogbo òkè wá sí ìsàlẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni mo gbà pé ó pààrọ̀ ohùn àwọn tí ó kù sílé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ti gbilẹ̀ ní Èkó ṣáájú ọdún 1851. Àwọn tí ń sọ pé ojú omi ò fìgbà kan pín Ẹ̀pẹ́ àti Èkó níyà, pé ohùn tuntun a ti máa bá ọkọ̀ wá, ń gbàgbé pé ẹja ni ọkọ̀ ń kó lọ, iyọ̀ àti aṣọ ni ó sì ń kó bọ̀. Olówò kì í dúró kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè.

Ìgbà tí mo máa ń gbọ́ ohùn náà ketekete ni ọjọ́ Káyókáyó, lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ń ṣe ìrántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀. Ká yó, ká yó ni orúkọ náà, kò sì sí ohun tí ó ṣòro nínú ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ó bá ti rí ìkòkò ọjọ́ náà. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ tí ó ti pẹ́ nídàálẹ̀ a wálé, láàárín wákàtí kan ahọ́n rẹ̀ a ti padà sí ipò. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ní ọdún Òkòsì àti ọdún Ẹ̀bì tiwọn, níbẹ̀ ni "ulé" ti ń jọba, Ọlọ́jà Ẹ̀pẹ́ sì wà fún wọn bí Olú Ẹ̀pẹ́ ti wà fún wa. Ọjà Olúwo ni kò mọ ìhà kankan: oníbàárà ni oníṣòwò ń wò kí ó tó yan ohùn tí yóò fi nájà, mo sì mọ obìnrin kan tí ń fi "ulé" dín owó ẹja kù lọ́wọ́ àwọn ìbátan ìyá rẹ̀.

Ìyókù kò gùn. Ní ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí Ẹ̀pẹ́ kúrò lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, tí ìhà méjèèjì sì di ará Èkó lórí ìwé. Ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n dé, ọ̀nà Lẹ́kì kó àwọn tí ń wá ilẹ̀ rà wá. Àwọn tíṣà ń fa igi lé "ulé" nínú ìwé àwọn ọmọ, nítorí náà "ilé" ni gbogbo wọn ń sọ báyìí, ti Ìjẹ̀bú àti ti Èkó. Ìdánwò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kò ṣiṣẹ́ lára wọn mọ́. Bí mo bá fẹ́ mọ ìhà tí ọmọ kan ti wá, mo ní láti dúró di ìgbà tí inú bá bí i.