Ọ̀nà òfurufú Ramechhap sí Lukla

Ọ̀nà òfurufú Ramechhap sí Lukla jẹ́ ọ̀nà bàálù kúkurú kan ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Nepal. Ó bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ìlú Manthali ní àgbègbè Ramechhap, ó sì parí sí pápákọ̀ Tenzing-Hillary ní Lukla, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ sí ẹsẹ̀ òkè Everest ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn wọn. Tí a bá ta okùn tààrà láti ibìkan sí ìkejì, yóò gùn tó nǹkan bí kìlómítà 74. Bàálù sábà máa ń fi ìṣẹ́jú 15 sí 20 fò ó.

Àkókò ìrìnnà

Bàálù kéékèèké tí kò nílò ilẹ̀ púpọ̀ láti gbéra tàbí láti balẹ̀, bíi Twin Otter, Dornier 228 àti Let L-410, ló ń ná ọ̀nà yìí. Manthali wà ní nǹkan bíi mítà 474 sókè ìtẹ́jú òkun, Lukla sì wà ní mítà 2,845. Nítorí náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí, bàálù ní láti gòkè ju mítà 2,300 lọ, kó sì máa tọ àfonífojì láàárín àwọn òkè. Láti Kathmandu, olú-ìlú Nepal, bàálù máa ń fi ìṣẹ́jú 30 sí 35 fò dé Lukla.

Ilẹ̀ ìbalẹ̀ Lukla

Ibí yìí gan-an ni ìṣòro ọ̀nà náà wà. Mítà 527 péré ni ojú ọ̀nà tí bàálù ń sáré lé, èyí tó tó pápá bọ́ọ̀lù márùn-ún tí a tò léra. Ó tún dagun: bí a bá rin mítà 100 lórí rẹ̀, a ti gun nǹkan bíi mítà 12 sókè. Ògiri òkè wà lórí, ọ̀gbun sì wà nísàlẹ̀. Bàálù tó bá ń bọ̀ ń balẹ̀ sí ìhà òkè, kí ìdagun náà lè bá a dá eré dúró. Èyí tó ń lọ ń sáré wá sísàlẹ̀, kó lè tètè ní agbára àtifò. Kò sí ẹ̀rọ tó ń tọ́ awakọ̀ sọ́nà wálẹ̀; ojú ara rẹ̀ ló fi ń wá ilẹ̀. Tó bá sì ti sún mọ́ ilẹ̀ tán, kò sí àyè àtigbéra padà. Ní oṣù October 2008, èèyàn 18 kú nígbà tí bàálù kan já níbẹ̀ nínú kùrukùru.

Edmund Hillary, ọ̀kan lára àwọn méjì tó kọ́kọ́ dé orí òkè Everest, ló bójú tó kíkọ́ pápákọ̀ náà ní 1964. Ilẹ̀ títẹ́jú ló kọ́kọ́ ń wá, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ fi oko wọn sílẹ̀, ló bá di ẹ̀gbẹ́ òkè. Nígbà tí ilẹ̀ náà rọ̀ jù, àwọn Sherpa, ìyẹn àwọn èèyàn tó ń gbé ní àgbègbè òkè náà, jó lórí rẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ kì í títí ó fi le. Ọdún 2001 ni wọ́n da ọ̀dà sí i.

Ìdí tí wọ́n fi ń gba Ramechhap

Ní àsìkò tí àwọn arìnrìn-àjò bá pọ̀, pápákọ̀ Kathmandu máa ń kún jù, wọ́n á sì gbé ọ̀pọ̀ bàálù Lukla lọ sí Manthali. Ọkọ̀ ilẹ̀ láti Kathmandu débẹ̀ gba wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, nítorí náà òru ni àwọn èrò ń gbéra. Àárọ̀ ni bàálù ń fò jù, torí ìkùukùu àti afẹ́fẹ́ líle sábà máa ń dé lọ́sàn-án. Bí ojú ọjọ́ bá dí, èèyàn lè sùn mọ́ Lukla fún ọjọ́ mélòó kan.