Ìdí tí rẹgúlétọ̀ fáànù kò fi lè dín eré gbogbo mọ́tò oníná kù

Ká ní káfíńtà kan ní Bódìjà fẹ́ fi mọ́tò oníná máa yí igi, kó lè gbẹ́ ẹ di ẹsẹ̀ àga. Ó ra mọ́tò tòkunbọ̀, ó tàn án, ó sì rí i pé eré rẹ̀ ti pọ̀ jù fún igi tó nípọn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn nírú àsìkò yìí ni rẹgúlétọ̀ fáànù. Ṣebí òun ni wọ́n fi ń dín eré fáànù kù? Wọ́n á so ó mọ́ ọn, wọ́n á yí i wálẹ̀. Mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù, irin ìgbẹ́gi kò ní tíì wọ igi dáadáa kó tó dúró gbagidi, kò sì ní pẹ́ tí òórùn kọ́ìlì tó ń jóná á fi gba ṣọ́ọ̀bù kan. Rẹgúlétọ̀ náà lè dára o. Irú mọ́tò tí wọ́n so ó mọ́ ni kò gbà á.

Etí lásán lè jẹ́ ká mọ irú mọ́tò yẹn. Tan án, jẹ́ kó sáré dáadáa, kí o wá pa á, kí o sì dákẹ́. Bó ṣe ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó tó dúró, nǹkan kan á dún “kẹ́” nínú rẹ̀. Ohun tó dún yẹn ni súwíìsì kékeré tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá tún wo ara mọ́tò náà, wàá rí nǹkan kan tó yọ bí iké lórí rẹ̀. Kápásítọ̀ ló wà nínú iké yẹn.

Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe nìyí. Iná féèsì kan, irú èyí tó ń wọlé sí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, kàn ń lọ, ó ń bọ̀ ni. Òun nìkan kò lè sọ fún mọ́tò apá ibi tí yóò yí sí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń di kọ́ìlì kejì sí i, tí wọ́n sì ń fi kápásítọ̀ sí ojú ọ̀nà rẹ̀, kí iná inú kọ́ìlì kejì yẹn má bàa dé lásìkò kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Àìdé lásìkò kan náà yẹn ló ń jẹ́ kí mọ́tò mọ ibi tí yóò kọrí sí. Tí eré rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, súwíìsì á já kọ́ìlì kejì kúrò, nítorí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá wá fi tipátipá dín eré mọ́tò kù, ó ń dá a padà síbi tí súwíìsì náà ti ń padé ni. Kọ́ìlì tí kò yẹ kó ju ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ lọ á wá máa gbé iná lọ títí, yóò sì jó.

Kí ló wá ń pinnu eré rẹ̀ gan-an? Iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ni. Ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ni wọ́n ń kọ ní 50 Hz. Òòfà tí iná ń dá sílẹ̀ nínú ilé mọ́tò ń yí tẹ̀ lé e: tí ojú òòfà bá jẹ́ méjì, yóò yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí ó bá jẹ́ mẹ́rin, 1,500, mẹ́fà, 1,000. Ọ̀pá àárín ń sáré lé òòfà yìí láìbá a, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ nǹkan bí 2,850 tàbí 1,440 sára mọ́tò dípò 3,000 tàbí 1,500. Láti 1888 tí Nikola Tesla, onímọ̀ iná mànàmáná, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú mọ́tò yìí ní Amẹ́ríkà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tòkunbọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà gan-an, 60 Hz ni wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n bá kọ 1,725 sára rẹ̀, nǹkan bí 1,440 ni yóò máa sá níbí. Kí ẹ sì wo fólítì rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná, torí ọ̀pọ̀ wọn kò ju 115 lọ.

Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí létí ara rẹ̀ rí. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún jẹnẹrétọ̀ tí ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, mọ́tò tó wà lórí rẹ̀ náà á rọ.

Fólítì ní tirẹ̀, ipá ló ń fún mọ́tò yìí. Tí fólítì bá sì lọ sílẹ̀ dé ìdajì, ipá tó kù kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọ̀pá àárín á máa fà sẹ́yìn, ooru á máa pọ̀ lára rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná kò bá gbé e ládùúgbò: fíríìjì á kùn, kò ní gbéra. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná ló dára jù.

Fáànù wá ńkọ́? Atẹ́gùn nìkan ni fáànù ń tì. Bí eré fáànù bá dín sí ìdajì, ipá tí atẹ́gùn ń bèèrè á já sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì dọ́gba pẹ̀lú ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mọ́tò. Kò ní súwíìsì tó ń dún kẹ́ nínú, kápásítọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n sì ti di kọ́ìlì rẹ̀ lọ́nà tó lè fara da eré díẹ̀. Igi kì í ṣe atẹ́gùn. Bó ṣe le nígbà tí mọ́tò ń sáré, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe le nígbà tó bá rọ.

Mọ́tò oníkábọ̀nù yàtọ̀ pátápátá. Òun ló wà nínú bùlẹ́ńdà, dírílì ọwọ́, gíráìńdà àti mọ́tò kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì ìránṣọ ilé. Bí o bá yọjú sí ihò ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, wàá rí iná tó ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Kábọ̀nù méjì ló ń gbé iná wọ ọ̀pá tó ń yí, kò sì bìkítà fún 50 Hz. Bí fólítì bá ṣe pọ̀ tó ni eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Irú mọ́tò yìí gba kí wọ́n fi bọ́tìnì dín in kù. Inú bọ́tìnì dírílì, nǹkan kékeré kan wà tó ń gé iná ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìka bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ló ń sọ èyí tó máa kọjá. Àléébù rẹ̀ ni pé bí eré bá ti kéré, ipá náà á kéré.

Maṣíìnì ńlá tí àwọn télọ̀ ń lò tún ní tirẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ rẹ̀ ń sáré 2,850 láìdúró, kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tó ń so mọ́tò mọ́ maṣíìnì tó sì ń tú u, ló ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ télọ̀. Mọ́tò tuntun tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sẹ́fò, kì í yí àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó sì ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dín eré kù. Fún ẹni tó ń sanwó iná fúnra rẹ̀, ó yẹ kó pààrọ̀ sí sẹ́fò.

Ẹ̀rọ kan wà tó lè yí 50 Hz fúnra rẹ̀ padà, VFD ni wọ́n ń pè é. Ó ń gba iná féèsì kan, ó ń sọ ọ́ di irú iná bátìrì, yóò wá gé e di iná féèsì mẹ́ta ní iye Hz tó bá wu ẹni tó ń lò ó. Mọ́tò féèsì mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n so mọ́ ọn, èyí tí wọ́n kọ 220/380 sí lára, kí wọ́n sì so ó ní ti 220. Mọ́tò oníké tó ń dún kẹ́ kò bá a mu rárá.

Fún káfíńtà tiwa yìí, púúlì ni mo fara mọ́. Mọ́tò á máa sá eré rẹ̀ ní 1,440 láìsí wàhálà, bẹ́líìtì ni yóò dín in kù. Púúlì íǹṣì 2 lára mọ́tò àti íǹṣì 6 lára ẹ̀rọ á sọ 1,440 di 480, ipá rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, èyí tí rẹgúlétọ̀ kankan kò lè fún un. Kí ó ní kí wọ́n bá òun ṣe púúlì onípele mẹ́ta: 2 sí 6, 3 sí 5, 4 sí 4. Àròpọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8, nítorí náà bẹ́líìtì kan náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gbogbo rẹ̀ mu. Yóò fi 480 gé igi tó ṣì rí gbágungbàgun, yóò fi 864 tẹ́ ẹ, yóò sì fi 1,440 fá a kó dán. Nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ gbé bẹ́líìtì láti ìpele kan sí òmíràn, kó yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kó sì dúró dìgbà tó bá gbọ́ “kẹ́” tí púúlì sì dúró pátápátá.