Ọjọ́ ogbó kọ́ ló gbé kílò méje lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ẹni mẹ́ta ló wí fún mi pé, "Nọ́ọ̀sì, ara àgbà ni, ó gbọ́dọ̀ rù." Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀? Ogbó lè mú awọ hunjọ, ó lè mú ìrìn falẹ̀, ṣùgbọ́n bí arúgbó bá ń rù kan eegun, nǹkan kan ló ń ṣe é.

Ìdí tí mo fi ń bá àwọn ilé ìtọ́jú àgbàlagbà jà lórí ìwọ̀n nìyí. Lóṣooṣù ni kí ẹ máa gbé olúkúlùkù sórí ìwọ̀n: ìwọ̀n kan náà, láàárọ̀ kí ó tó jẹun, aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́, láìwọ bàtà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n! Ẹni tó jẹ́ 60 kílò tó di 54 láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ti sọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ nù, kí ẹ sì ti pè mí kí ó tó débẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, ẹ má gba ìwọ̀n gbọ́, torí omi náà wúwo. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè padà, omi nìyẹn, kì í ṣe ẹran ara.

Ti oúnjẹ ò le. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ sàn ju àwo ńlá mẹ́ta tó ń dẹ́rù bà á lọ. Ẹ po wàrà oníyẹ̀fun, bọ́tà tàbí ẹyin mọ́ ọn.

Ìyá kan wọlé ní 58 kílò. Ó ti di 51 kí wọ́n tó pè mí. Ọmọ rẹ̀ ti ra ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ akiri kan tí kò fojú kan ìyá náà rí. Mo ka ara ìgò: ṣúgà, omi, aró pupa. Nínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́, "ó kọ oúnjẹ" ló kún ibẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí.

Mo ní, "Mama, ẹ lanu." Kò sí eyín kankan níbẹ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí ni eyín àtọwọ́dá wọn wà, wọ́n fi áńkáṣíìfù wé e. "Ó ń bù mí jẹ," ni wọ́n wí. Bí wọ́n ṣe ń rù ni èrìgì ń sún kì, tí eyín ń mì, tó ń dá egbò sí wọn lẹ́nu.

Ni ọmọ bá fẹ́ fi oúnjẹ san gbogbo gbèsè ebi náà lọ́jọ́ kan. Mo pariwo mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kan nǹkan fún ohun tó ju ọjọ́ márùn-ún lọ, bí oúnjẹ bá ya lù ú, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bíi pọ̀tásíọ́ọ̀mù lè já wálẹ̀ lójijì, ọkàn a sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná.

Dókítà eyín tún eyín náà ṣe. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n ka 52.